Ìgbín mi ń yé, àmọ́ àwọn ọmọ kì í dàgbà: kí ni ká máa fún ìyá àti ọmọ jẹ?

Ìyá_Ìbejì (Tanke, Ìlọrin)

Ẹ kú dédé àsìkò yìí o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀gbọ́n mi. Ilé ìgbín kan wà lẹ́yìn ilé mi níbí, síméńtì la fi mọ ọ́n, a sì fi nẹ́ẹ̀tì bo orí rẹ̀. Àwọn ìyá ìgbín inú rẹ̀ ń yé láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ló ń kọ mí lóminú. Ẹyin mìíràn kì í pa rárá. Èyí tó bá sì pa, ìkarahun wọn fẹ́lẹ́ débi pé bí mo bá fi ìka méjì mú un, ó ti fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kì í pé oṣù kan tí wọ́n fi ń kú. Àwọn tó ṣẹ́ kù náà dúró sójú kan, wọn ò tóbi sí i. Mo tún ṣàkíyèsí pé àwọn àgbà inú wọn ń gun ara wọn lẹ́yìn, wọ́n á máa fi ẹnu họ ìkarahun ara wọn títí ibẹ̀ á fi funfun.

Ewé ìbẹ́pẹ àti ewé kókò ni mò ń fún wọn lálaalẹ́, mi ò sì fi oúnjẹ dù wọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló kù?

Bàbá_Ìgbàjà

Ẹ kú làálàá, ìyá ìbejì. Kí n tó sọ̀rọ̀, ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn: irú ìgbín wo ni? Níbo lẹ ti bu ilẹ̀ tó wà nínú ilé wọn? Ṣé ẹ ń fún wọn ní èèpo ẹyin tàbí ìkarahun lílọ̀?

Ìyá_Ìbejì (Tanke, Ìlọrin)

Ìgbín ńlá ni, bàbá, èyí tí ẹyin rẹ̀ tóbi, tí kì í sì í yé púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Yanrìn etí odò ni a bù fún wọn, torí wọ́n ní ilẹ̀ wọn gbọ́dọ̀ rọ̀. Mi ò fún wọn ní ìkarahun tàbí èèpo ẹyin kankan o.

Bàbá_Ìgbàjà

Ó ti yé mi wàyí. Ìgbín yín ń yó, àmọ́ ebi kan wà tí ewé kò lè pa fún wọn.

Ìkarahun ìgbín, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé kálísíọ̀mù kábónéètì nìkan ni látòkè délẹ̀. Ohun kan náà ló wà nínú èèpo ẹyin adìẹ àti nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ ṣe síméńtì. Ìgbín kò lè dá a ṣe nínú ara rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ rí i jẹ, tàbí kó fà á láti inú ilẹ̀, nítorí ara tí ìgbín fi ń wọ́ nílẹ̀ yẹn a máa fa kálísíọ̀mù mu nínú ilẹ̀ tó bá ní in. Yanrìn odò kò ní in, omi ti ṣan gbogbo rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbà fi ń họ ara wọn lẹ́yìn. Ìkarahun ọmọnìkejì wọn nìkan ni wọ́n rí tí kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá wo ẹyin. Èèpo ẹyin ìgbín ńlá le gan-an ni, kálísíọ̀mù ló mú un le, ara ìyá ló sì ti jáde. Bí ìyá kò bá ní in tó, ẹyin lè dín kù, tàbí kí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, kí omi inú rẹ̀ gbẹ lọ kó má sì pa. Bó bá tiẹ̀ pa, oúnjẹ àkọ́kọ́ tí ọmọ ìgbín máa ń jẹ láyé ni èèpo ẹyin tó ti jáde. Abẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀ ló ti ń jẹ ẹ́, kó tó yọjú sókè. Bí èèpo yẹn bá fẹ́lẹ́, kí ni ọmọ máa fi bẹ̀rẹ̀ ìkarahun tirẹ̀? Ìyá tí kò rí kálísíọ̀mù jẹ ti fi ebi ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ láti inú ẹyin.

Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá fà, ìkarahun á tẹ̀ lé e. Òótọ́ ni, àmọ́ ẹni tó ń sin ín ló máa wá ohun tí yóò fi mọ ìkarahun náà.

Nítorí náà, ẹ kó yanrìn yẹn jáde. Ẹ bu ilẹ̀ dúdú ọlọ́ràá lábẹ́ igi, níbi tí ewé ti jẹrà sí. Amọ̀ kò dára fún wọn, ó máa ń le, ìyá kò ní lè wà á láti yé sínú rẹ̀. Ẹ da èèpo ẹyin adìẹ lílọ̀ pọ̀ mọ́ ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ tún máa fi í sínú àwo pẹrẹsẹ kan lọ́tọ̀, kó má tán níbẹ̀ láé. Ìgbín mọ ìwọ̀n ara rẹ̀, èyí tó bá nílò rẹ̀ á lọ jẹ ẹ́, èyí tí kò nílò rẹ̀ á kọjá.

Èèpo ẹyin kò wọ́n. Ẹ bẹ àwọn tó ń din ẹyin tà lójú pópó kí wọ́n máa kó o jọ fún yín. Ẹ bọ̀ ọ́ nínú omi gbígbóná, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Ẹ má lò ó ní tútù, àrùn wà lára rẹ̀.

Abdul_Òkè-Óyì

Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀. Ṣé ó tọ́ kí Mùsùlùmí máa sin ìgbín?

Àlháájà_Ìpàtà

Ìlànà Imam Malik la ń tẹ̀ lé ní Ìlọrin, ọmọ mi. Ohun tó wà nínú ìlànà náà ni pé ìgbín orí ilẹ̀ tí a mú láàyè, tí a bọ̀ tàbí tí a yan, kò sí aburú nínú jíjẹ rẹ̀. Èyí tó ti kú fúnra rẹ̀ ni a kò gbọdọ̀ jẹ. Ẹ lọ bá àlùfáà yín fún àlàyé tó kún. Ẹ jẹ́ ká padà sórí oúnjẹ wọn.

Akẹ́kọ̀ọ́_Òmù-Àrán

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ, bàbá. Ìmọ̀ ẹja àti ẹran omi ni mò ń kọ́, mo fẹ́ fi nǹkan kún ohun tí ẹ sọ nípa ìyá, nítorí gbogbo ẹran oníkarahun ló kàn, ti omi àti ti ilẹ̀.

Níbi tí wọ́n ti ń sin oyster, ẹran oníkarahun inú omi kan, lókè òkun, wọn kì í kàn kó ìyá jọ kí wọ́n máa retí ẹyin. Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi ń tọ́jú ìyá nínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, wọ́n á máa fi ewéko omi tíntìntín tí ojú lásán kò lè rí bọ́ ọ. Wọn kì í sì í fún un ní ewéko omi kan ṣoṣo. Irú méjì tàbí mẹ́ta ni wọ́n máa ń pò pọ̀, kí èròjà tí ọ̀kan kò ní lè wà nínú èkejì. Ọ̀rá inú ewéko yìí ló ń wọ inú ẹyin, pàápàá àwọn ọ̀rá méjì tí wọ́n ń pè ní EPA àti DHA. Nígbà tí ọmọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí kò tíì lè wá oúnjẹ fúnra rẹ̀ dáadáa, ọ̀rá tí ìyá kó fún un ló ń gbé e rìn. Bí ìyá kò bá jẹun dáadáa, àwọn ọmọ lè jáde kí wọ́n sì máa lúwẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn á kú kí wọ́n tó rí ibi lẹ̀ mọ́. Bákan náà ni ti edé. Àwọn tó ń sin edé inú òkun a máa fi ekòló òkun bọ́ ìyá rẹ̀ ní kété tó bá kù díẹ̀ kó yé, torí ọ̀rá àti purotíìnì, èròjà tó ń mú ara dàgbà, tó wà nínú rẹ̀.

Ìgbín ilẹ̀ kò nílò ewéko omi tàbí ekòló o, ẹ má lọ wá ìyẹn kiri. Ohun tí mo fẹ́ ká mú níbẹ̀ ni àsìkò. Ọjọ́ tí ẹ bá rí ẹyin, iṣẹ́ oúnjẹ lórí ẹyin yẹn ti parí. Ìyá gbọ́dọ̀ ti máa jẹun tó dára fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú.

Nǹkan kejì ni ewé kókò. Oxalate wà nínú rẹ̀, ó wà nínú gbúre náà. Èròjà yìí a máa so mọ́ kálísíọ̀mù, kò sì ní jẹ́ kí ara ẹran rí i lò. Mi ò ní kí ẹ má fún wọn mọ́, wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fún wọn ní ewé kókò lálaalẹ́ láìsí èèpo ẹyin ń dín èyí tó kéré kù sí i.

Nǹkan kẹta ni purotíìnì. Omi ló pọ̀ jù nínú ewé. Ara tó ń dàgbà àti ara tó ń ṣe ẹyin nílò purotíìnì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú ìgbín ńlá yìí, ẹyin tó bá wúwo ló máa ń bí ọmọ tó wúwo, ọmọ tó bá sì wúwo ló máa ń yára mókè. Ẹ̀wà sóyà dára fún èyí, bí ẹ bá yan án kí ẹ tó lọ̀ ọ́. Sóyà tútù ní èròjà kan tí kì í jẹ́ kí purotíìnì rẹ̀ dà nínú ikùn, iná ló ń pa á. Kúlíkúlí náà wúlò.

Àlháájà_Ìpàtà

Ẹ dúró ná níbi kúlíkúlí yẹn. Iṣẹ́ ẹ̀pà ni mo bá lọ́wọ́ ìyá mi. Kúlíkúlí tó wà lórí àtẹ, iyọ̀ wà nínú rẹ̀, ata wà nínú rẹ̀, òmíràn ní atalẹ̀. Ẹ má gbé ìyẹn fún ìgbín. Iyọ̀ ni ikú rẹ̀, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ bá àwọn tó ń fún òróró ẹ̀pà nílé wọn, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Ẹ ní kí wọ́n bu èyí tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ tán fún yín kí wọ́n tó pò ó mọ́ iyọ̀ àti ata. Wọ́n á tà á fún yín, kì í tilẹ̀ wọ́n tó ti orí àtẹ. Ẹ gún un kúná. Bó bá ti hu èébu, ẹ dà á nù, èébu ẹ̀pà ní májèlé nínú.

Àwa tó wà lẹ́bàá ọjà náà ń rí ewé kábéèjì àti létúùsì tí àwọn oníṣòwò ń já dànù. Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì nínú omi tó mọ́. Àwọn tó ń gbìn ín létí odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn máa ń fọ́n oògùn apakòkòrò sí i.

Àgbẹ̀_Ọ̀fà

Ẹ kú àpérò o. Ní Ọ̀fà níbí, ẹ mọ̀ pé ànàmọ́ ni tiwa, ewé rẹ̀ kò wọ́n wa. Bí wọ́n bá ní kí n mú ewé kan ṣoṣo fún ìgbín, òun ni màá mú. Ó rọ̀, ó ní purotíìnì ju ọ̀pọ̀ ewé lọ, kì í sì í sú ìgbín. Èyí tó wà ní orí ìtàkùn, tó ṣì tutù, ni kí ẹ gé fún àwọn ọmọ. Àwọn àgbà lè jẹ ewé ìsàlẹ̀.

Ewé ìbẹ́pẹ dára. Ẹ jẹ́ kó rọ díẹ̀ kí ẹ tó kó o fún wọn, kí oje funfun rẹ̀ gbẹ. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ dára. Ewé ẹ̀gẹ́, kìkì èyí tí iṣu rẹ̀ dùn. Ẹ̀gẹ́ kíkorò ní májèlé, ẹ fi sílẹ̀. Ewé tó bá nírun lára, ìgbín kì í bá a ṣe. Bí ẹ bá ní igi mọ̀ríńgà nílé, ẹ ní owó lọ́wọ́: ẹ sá ewé rẹ̀ níbi tí òòrùn kò ti ní pa á, ẹ gún un, ẹ fi wọ́n orí oúnjẹ wọn. Purotíìnì wà níbẹ̀, kálísíọ̀mù wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èso ni mo fẹ́ tẹnu mọ́ jù, torí ibẹ̀ ni mo ti rí i tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣìnà. Tí àsìkò máńgòrò bá dé, gbogbo ilé ìgbín á kún fún máńgòrò. Ìgbín á jẹ ẹ́ tayọ̀tayọ̀, olówó rẹ̀ á rò pé ó ń ṣe dáadáa. Adùn àti omi ló pọ̀ nínú èso. Kò ní mú ìkarahun gùn, kò ní mú ẹyin tóbi. Bí ikùn wọn bá ti kún fún máńgòrò, wọn ò ní jẹ sóyà tí ẹ gbé kalẹ̀. Ẹ fi èso ṣe ohun tí yóò ṣí wọn lọ́fun, bíbẹ́ díẹ̀, ìbẹ́pẹ pípọ́n tàbí kùkúḿbà tàbí ìkàn, kí ẹ sì wọ́n ìyẹ̀fun sóyà àti ti èèpo ẹyin sórí rẹ̀. Ẹ kó àjẹkù jáde láàárọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ eṣinṣin á yé sí i.

Ẹ má já ewé lẹ́bàá oko tí wọ́n ti fọ́n oògùn koríko. Òjò kan ò tó láti fọ̀ ọ́.

Ọmọ_Gànmọ̀

Èmi ò ráyè já ewé kiri ní tèmi. Oúnjẹ adìẹ tó ń yé ni mò ń rà ní ṣọ́ọ̀bù, màá fi omi pò ó díẹ̀, màá gbé e fún wọn. Wọ́n ń dàgbà, wọ́n ń yé. Kí ni ká tún máa da ara wa láàmú sí?

Akẹ́kọ̀ọ́_Òmù-Àrán

Ẹ̀gbọ́n, ohun tí ẹ ń ṣe kì í ṣe àìdára. Oúnjẹ adìẹ tó ń yé ní purotíìnì bíi 16 nínú 100, kálísíọ̀mù inú rẹ̀ sì pọ̀ dáadáa, torí adìẹ náà nílò èèpo fún ẹyin. Ìdí nìyẹn tó fi ń bá ìgbín yín mu. Ẹ kàn ṣọ́ra má fi oúnjẹ adìẹ tó ń dàgbà tàbí ti adìẹ ẹlẹ́ran rọ́pò rẹ̀, kálísíọ̀mù tiwọn kéré jùyẹn lọ. Iyọ̀ díẹ̀ wà nínú gbogbo wọn, nítorí náà omi mímu kò gbọ́dọ̀ tán nílé ìgbín yín.

Bàbá_Ìgbàjà

Ẹ̀rù tí oúnjẹ adìẹ ń bà mí ni omi tí wọ́n fi ń pò ó. Tó bá fi máa di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti kan, ó ti hu èébu, kòkòrò wẹ́wẹ́ ti ń rìn lórí rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n á ti gun ara ìgbín. Ọmọ_Gànmọ̀, ẹ gbé e fún wọn ní ìrọ̀lẹ́ nìkan, ẹ gbé e kúrò láàárọ̀. Kí ẹ sì tún máa fi ewé tútù kún un. Èmi kò gbà pé kí ìgbín máa gbé láìrí ewé.

Ẹni tó bá fẹ́ ṣe tirẹ̀ nílé, èyí tí mò ń pò rèé. Mo máa ń gba èérí lọ́wọ́ àwọn tó ń sẹ́ ògì, màá sá a kó gbẹ tán pátápátá. Fún àwọn ìyá: ìwọ̀n èérí méjì, ìwọ̀n sóyà yíyan lílọ̀ kan, ìdajì ìwọ̀n èèpo ẹyin lílọ̀. Fún àwọn ọmọ, màá jẹ́ kí sóyà àti èérí dọ́gba, nítorí ọmọ ló nílò purotíìnì jù. Ní gbígbẹ ni mò ń gbé e kalẹ̀, nínú àwo tí kò jìn, tí omi wà nínú àwo mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyáalé_Àjàṣẹ́

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Ẹ ti sọ ti ìyá dáadáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ọmọ, torí ọmọ ni mò ń tọ́ tà.

Ìyá Ìbejì, ẹ má fi ẹyin sílẹ̀ sínú ilé àwọn àgbà. Ẹ rọra fi ọwọ́ wá a nínú ilẹ̀, ẹ kó o sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì tí ẹ ti dá ihò sí nídìí, pẹ̀lú ilẹ̀ ọlọ́ràá tó tutù. Ẹ fi ilẹ̀ díẹ̀ bò ó. Ilẹ̀ náà kò gbọdọ̀ gbẹ, kò sì gbọdọ̀ rin gbindin. Ti ìgbín ńlá máa ń tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kó tó pa, òmíràn á jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Tó bá pa, ẹ ò ní rí ọmọ lójú ẹsẹ̀. Abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n á wà fún ọjọ́ bíi mélòó kan, níbi tí wọ́n ti ń jẹ èèpo ẹyin tí bàbá sọ. Ẹ má tú ilẹ̀ wá wọn. Tí ẹ bá tú wọn jáde, ẹ ti gba oúnjẹ lẹ́nu wọn.

Ìgbà tí wọ́n bá fúnra wọn yọjú ni kí ẹ tó gbé ewé kalẹ̀. Orí ìtàkùn ànàmọ́, létúùsì, ìbẹ́pẹ pípọ́n tí ẹ bẹ́ pẹlẹbẹ. Àwo èèpo ẹyin tí ẹ gbé kalẹ̀ fún àgbà kò wúlò fún wọn, ọ̀nà rẹ̀ jìn jù fún ọmọ tí kò tíì tó èékánná ìka. Ẹ lọ̀ ọ́ kúná bí ìyẹ̀fun, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ wá fi wọ́n orí ewé tí wọ́n ń jẹ. Ẹ tún pò ó mọ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń sùn lé, kí ara wọn máa fà á mu.

Ẹ má gbé omi kalẹ̀ nínú àwo jíjìn, wọ́n á kú sínú rẹ̀. Fóòmù tí ẹ rẹ sínú omi ti tó.

Ohun tí ọ̀pọ̀ kì í fojú sí ni pé wọ́n á pọ̀ jù lójú kan. Bí oúnjẹ tiẹ̀ pọ̀ tó kù sílẹ̀, bí wọ́n bá ti há mọ́ra, itọ́ àti ìgbẹ́ ara wọn á kún ilẹ̀, wọn ò ní dàgbà. Tí ẹ bá rí i pé àwọn kan ti tóbi ju àwọn yòókù lọ, ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀. Àwọn ńlá ló ń jẹ oúnjẹ àwọn kékeré.

Ẹ máa yẹ etí ìkarahun wọn wò. Ibẹ̀ ni ìdàgbàsókè ti ń ṣẹlẹ̀, ibi tuntun yẹn á mọ́ díẹ̀ ju ara tó kù lọ, á sì rọ̀. Tí ẹ bá rí etí tuntun, àmọ́ tó ń sán, tó ń ya, kálísíọ̀mù ló kù. Tí ẹ kò bá rí etí tuntun rárá, ẹ wo purotíìnì àti omi, kí ẹ sì wò ó bóyá wọ́n ti pọ̀ jù níbẹ̀.

Ìyá_Ìbejì (Tanke, Ìlọrin)

Ọlọ́run á bù sí i fún gbogbo yín. A ti pààrọ̀ ilẹ̀ náà, mo sì ti rí èèpo ẹyin gbà lọ́wọ́ obìnrin tó ń ta tíì àti búrẹ́dì ní àdúgbò. Alẹ́ tí mo gbé e kalẹ̀, àwọn ìyá fi ewé sílẹ̀, wọ́n kọrí sí àwo yẹn, ọ̀kan lé èkejì. Ó ká mi lára láti rí i pé ohun tí wọ́n ti ń wá nìyẹn látijọ́. Ṣé ẹyin tí wọ́n máa yé báyìí á ti yàtọ̀? Àwọn ọmọ tí ìkarahun wọn fẹ́lẹ́ ńkọ́, ṣé ká dà wọ́n nù ni?

Bàbá_Ìgbàjà

Ẹ má dà wọ́n nù o. Ìgbín a máa fi kálísíọ̀mù kún ìkarahun rẹ̀ láti inú, a sì máa dí ibi tó bá sán. Ẹ ṣe bí Ìyáalé ṣe wí, àwọn tó lágbára nínú wọn á là á já. Àmọ́ ẹ má fi wọ́n ṣe ìyá lọ́jọ́ iwájú. Ẹ mú ìyá láti inú ọmọ tí wọ́n máa bí lẹ́yìn èyí.

Ẹyin tó ti wà nínú wọn báyìí, ẹ má retí ìyàtọ̀ púpọ̀ lára rẹ̀. Ẹ fún wọn láyè ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Àgbẹ̀_Ọ̀fà

Kí ó má di pé a gbàgbé, ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀. Ilẹ̀ Ìlọrin gbẹ ju ilẹ̀ àwọn ará ìsàlẹ̀ lọ, ìwé tí wọ́n kọ fún àwọn tó ń sin ìgbín nínú igbó kìjikìji kò lè bá wa mu tán. Láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kẹta, pàápàá tí ọyẹ́ bá dé, ìgbín á wọnú ìkarahun, á fi awọ funfun dí ẹnu rẹ̀, ó di ojú oorun. Kò ní jẹun, kò ní dàgbà, kò ní yé. Èyí tó jẹun dáadáa kí òjò tó lọ ló máa jí pẹ̀lú ara. Èyí tí kò jẹun tó, ẹ lè bá ìkarahun rẹ̀ lófìfo.

Fún ìdí yìí, oṣù méjì tó gbẹ̀yìn òjò ni mo máa ń fún wọn ní sóyà jù. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa jẹun lọ nínú ẹ̀ẹ̀rùn gbọ́dọ̀ máa wọ́n omi sí ilé wọn láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ bo ilẹ̀ wọn, kó sì dí ojú ibi tí ọyẹ́ ń gbà wọlé. Àwọn ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sùn rárá. Wọn ò ní ohun tí wọ́n fi pamọ́ sára tó.

Tí òjò àkọ́kọ́ bá rọ̀ tí wọ́n sì jí, ẹ tètè gbé èèpo ẹyin àti sóyà kalẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í gun ara wọn. Ẹyin àkọ́kọ́ ọdún ti ń bọ̀ nìyẹn.

Ọmọ_Gànmọ̀

Ìbéèrè kan ló kù mí. Ìkarahun oyster lílọ̀ tí wọ́n ń tà fún àwọn olóko adìẹ, ṣé a lè lò ó dípò èèpo ẹyin? Èyí tí mo rà rí gbàǹgbàgbàǹgbà.

Ìyáalé_Àjàṣẹ́

Ẹ lò ó, ó dára gan-an. Òkun ló ti wá o, ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ nínú omi lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta nítorí iyọ̀, kí ẹ sá a. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ajọ̀ gààrí jọ̀ ọ́. Èyí tó bá kù sójú ajọ̀, ẹ dà á sínú àwo àwọn àgbà, wọ́n á máa họ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Èyí tó bá jò sísàlẹ̀ ni kí ẹ tún gún kúná fún àwọn ọmọ.